Ọjọ́ Orí Tí Kò Tíì Dé: Ohun Tí Àwọn Tó Ń Ṣe Ẹ̀rọ Géèmù Ń Tà Fún Ọ̀dọ́langba

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí, àwọn ọmọdé ló mọ ojú rẹ̀ jù wá lọ. Ọ̀rọ̀ géèmù ni, nínú gbọ̀ngàn tí a ti máa ń sọ̀rọ̀ òṣèlú àti ọrọ̀ ajé. Ọ̀rọ̀ ajé náà ni, ó sì ti wọ yàrá àwọn ọmọ wa.

Ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo fẹ́ dáhùn. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe ẹ̀rọ géèmù bá kọjú sí ọmọ ọdún 14, kí ni ó ń tà fún un gan-an? Àwọn kan á ní eré ni. Àwọn mìíràn á ní ìjà àti ẹ̀jẹ̀ ni. Ìdáhùn tèmi ni pé ọjọ́ orí ni wọ́n ń tà. Ọmọ ọdún 14 kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá òun sọ̀rọ̀ bí ọmọ ọdún 14. Ẹni ọdún 19 ló fẹ́ jẹ́, ó sì fẹ́ kí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ rí i bẹ́ẹ̀. Ilé-iṣẹ́ tó bá lè fi àpótí kan hàn án bí ẹni pé àpótí àwọn ẹni ọdún 19 ni, òun ni yóò gba owó rẹ̀. Amẹ́ríkà ni màá ti mú ẹ̀rí mi jù, láàárín 1985 sí 1995 pàápàá, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀nà yìí ti kọ́kọ́ hàn kedere.

1. Kí ni a ń pè ní kí ni

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ mọ ohun tí à ń sọ. Ẹ̀rọ géèmù tí mò ń wí ni àpótí tí a ń so mọ́ tẹlifíṣọ̀n, tí a ń fi páàdì darí. Kì í ṣe fóònù, kì í sì í ṣe kọ̀ǹpútà. Ilé-iṣẹ́ kan ṣoṣo ló ni àpótí kọ̀ọ̀kan, ẹnikẹ́ni tó bá sì fẹ́ ṣe géèmù fún un gbọ́dọ̀ gba àṣẹ lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ náà, kó sì san owó fún un lórí ohun tó bá tà. Ìdí nìyí tí wọ́n fi lè ta àpótí náà pẹ̀lú èrè táṣẹ́rẹ́, nígbà mìíràn pẹ̀lú àdánù pàápàá, bí ẹni tó ń ta fìtílà lówó pọ́ọ́kú nítorí pé òun nìkan ló ń ta epo ládùúgbò. Ẹni tí yóò máa padà wá fún ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n ń wá. Bí wọ́n bá rí i ní ọdún 13, ó dára fún wọn ju kí wọ́n rí i ní ọdún 30 lọ.

Ọ̀dọ́langba ńkọ́? Láti ọdún 13 dé 19 ni mo ní lọ́kàn, ṣùgbọ́n iye ọdún nìkan kò tó láti fi mọ̀ ọ́n. Ọmọ ọdún 8 kò ní owó, kò sì ní àṣẹ. Ohun tí òbí rẹ̀ bá rà ni yóò gbà. Ẹni ọdún 25 ní owó tirẹ̀, àṣẹ wà lọ́wọ́ rẹ̀ pẹ̀lú. Ọ̀dọ́langba wà láàárín àwọn méjèèjì: owó lè jẹ́ ti òbí, ṣùgbọ́n òun ló máa sọ ohun tí wọn yóò fi owó náà rà. Ó ní àkókò púpọ̀. Ó ní ẹgbẹ́ tó ń ṣọ́ gbogbo ohun tó bá ṣe. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, ó ń kánjú. Àwọn àgbà ní ọmọdé tó bá mọ ọwọ́ wẹ̀ yóò bá àgbà jẹun. Ọ̀dọ́langba ni ẹni tó ti wẹ ọwọ́ tán, tó ń dúró kí wọ́n pè é sí ìdí oúnjẹ.

Ohun tí mò ń pè ní ìfàmọ́ra wá ni gbogbo ohun tí ilé-iṣẹ́ bá ṣe kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ lè rò pé wọ́n ti pe òun. Ìpolówó wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n kò parí síbẹ̀. Iye owó, àwọ̀ àpótí, orin inú géèmù, orí pẹpẹ tí wọ́n gbé e sí ní ilé ìtajà, àti ohun tí ilé-iṣẹ́ náà gbà tàbí kò gbà kí ó hàn lójú tẹlifíṣọ̀n, gbogbo wọn ló ń ṣiṣẹ́ kan náà.

2. Àyè tí Nintendo fi sílẹ̀

Ní 1983, ọjà géèmù wó lulẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Géèmù tí kò dáa ti pọ̀ jù lórí àtẹ, àwọn onílé ìtajà pàdánù owó ńlá, Atari tó jẹ́ ọ̀gá ọjà nígbà náà sì fara gbọgbẹ́. Nígbà tí Nintendo, ilé-iṣẹ́ kan láti ìlú Kyoto ní Japan, gbé ẹ̀rọ rẹ̀ dé New York ní 1985, àwọn oníṣòwò kò fẹ́ gbọ́ orúkọ géèmù sétí mọ́. Nintendo fi róbọ́ọ̀tì kékeré kan tí wọ́n pè ní R.O.B. kún un, wọ́n sì gbé gbogbo rẹ̀ kalẹ̀ bí ohun ìṣeré ọmọdé. Ó ṣiṣẹ́ gidigidi. Kí ọdún 1990 tó dé, ọwọ́ Nintendo ni ohun tó ju ìdá mẹ́jọ nínú mẹ́wàá ọjà náà wà. Wọ́n sì ṣọ́ orúkọ rere tí wọ́n ní lọ́dọ̀ òbí: wọn kò gba ẹ̀jẹ̀, wọn kò gba ìhòòhò, wọn kò sì fẹ́ àmì ẹ̀sìn nínú géèmù.

Ṣùgbọ́n ẹ bá mi ṣe ìṣírò kan. Ọmọ tí wọ́n ra ẹ̀rọ yìí fún ní 1986 nígbà tó wà ní ọdún 8, ọdún mélòó ló jẹ́ ní 1991? Ọdún 13. Ó ti dàgbà, ẹ̀rọ náà kò dàgbà. Àbúrò rẹ̀ ló wá ń fi páàdì ọjọ́sí ṣeré báyìí. N kò mọ ohun tó ń lé ọ̀dọ́langba kúrò nídìí nǹkan kíákíá ju kí àbúrò rẹ̀ fẹ́ràn nǹkan náà lọ. Nintendo kò ṣe ohun tó burú sí i. Ó kàn fi ẹni tó tọ́ dàgbà sílẹ̀ láìní ibi tí yóò lọ ni.

3. Sega àti ọmọ tó ń kánjú

Ẹni tó rí àyè yẹn ni Sega, tí òun náà wá láti Japan. Ẹ̀rọ rẹ̀ àkọ́kọ́ ní Amẹ́ríkà kò rọ́wọ́ mú níwájú Nintendo. Ní oṣù Kẹjọ 1989, ó mú òmíràn dé, dúdú ni àwọ̀ rẹ̀, Genesis ni orúkọ rẹ̀, nǹkan bí 189 dọ́là sì ni owó rẹ̀. Michael Katz tó ń darí Sega ní Amẹ́ríkà nígbà náà ṣe ohun méjì. Ó dárúkọ Nintendo nínú ìpolówó, ó ní ẹ̀rọ òun ń ṣe ohun tí tiwọn kò lè ṣe. Ó sì lọ ra orúkọ àwọn gbajúmọ̀ sórí géèmù: Joe Montana tó ń gbá bọ́ọ̀lù àwọn ará Amẹ́ríkà, Michael Jackson, àti Buster Douglas. Láti 1987 ni Nintendo ti ní géèmù ẹ̀ṣẹ́ tó ń jẹ́ orúkọ Mike Tyson. Douglas gbé Tyson ṣubú ní oṣù Kejì 1990, Sega sì lọ mú ẹni tó gbé e ṣubú. Ẹ wo àwọn orúkọ wọ̀nyí dáadáa. Kò sí ọmọdé nínú wọn. Àwọn tí ọmọ ọdún 14 ń gbójú sókè wò ni wọ́n.

Ní 1990 ni Tom Kalinske gba iṣẹ́ náà. Mattel ló ti ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń ṣe bèbí Barbie, nítorí náà ó mọ bí a ṣe ń ta ọjà fún ọmọdé, ó sì mọ ọjọ́ tí ọmọdé máa ń kọ ọjà ọmọdé. Ohun mẹ́rin ló dá lábàá níwájú àwọn ọ̀gá ní Japan: kí wọ́n gé owó ẹ̀rọ wálẹ̀, kí wọ́n fi géèmù wọn tó dára jù sínú páálí lọ́fẹ̀ẹ́, kí wọ́n máa ṣe géèmù ní Amẹ́ríkà fún àwọn ará Amẹ́ríkà, kí wọ́n sì kojú Nintendo nínú ìpolówó láìfi bò. Hayao Nakayama, ọ̀gá àgbà Sega, fún un láyè, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó jókòó níbẹ̀ kò fara mọ́ ọn.

Géèmù tó dára jù náà ni Sonic, tó jáde ní oṣù Kẹfà 1991. Ẹranko ẹlẹ́gùn-ún aláwọ̀ búlúù tó fara jọ òòrẹ̀ ni Sonic, eré sísá sì ni iṣẹ́ rẹ̀. Ẹ fi í wé Mario ti Nintendo, ọkùnrin onírunmú tó ń tún páìpù omi ṣe, tó ń fò sókè sódò bí ẹni tí kò sí ohun tó ń lé e. Bí o bá gbé páàdì sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, Sonic á kọjú sí ọ, á máa fi ẹsẹ̀ lu ilẹ̀. Ó ń kánjú, o sì ń dá a dúró. Lójú tèmi, ẹsẹ̀ tó ń lu ilẹ̀ yẹn ṣe ju gbogbo ìpolówó Sega lọ, nítorí ọ̀dọ́langba rí ara rẹ̀ nínú rẹ̀ ní kíá.

Àwọn tó kọ́kọ́ ya Sonic ní Japan fún un ní eyín ṣóńṣó, wọ́n fún un ní ẹgbẹ́ olórin, wọ́n sì fún un ní ọ̀rẹ́bìnrin tó jẹ́ ènìyàn. Àwọn ará Amẹ́ríkà ní kí wọ́n mú nǹkan wọ̀nyí kúrò. Mo rò pé mo mọ ìdí rẹ̀. Òbí ló ṣì ń yọ owó. Ọjọ́ orí tí wọ́n ń tà fún ọmọ kò gbọ́dọ̀ jìnnà débi tí ìyá rẹ̀ yóò fi kọ̀. Ọdún mẹ́rin tàbí márùn-ún níwájú ti tó.

Ilé-iṣẹ́ ìpolówó kan ní San Francisco, Goodby, Berlin & Silverstein, ló bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ìpolówó fún Sega ní 1992. Àwòrán inú rẹ̀ ń sáré débi pé ojú àgbà kò lè bá a lọ, ẹnì kan á sì fi igbe ńlá pe orúkọ Sega ní ìparí. Wọ́n gbé e sórí MTV, níbi tí àwọn ọ̀dọ́ ti ń wo orin. Bàbá tó bá kọjá níwájú tẹlifíṣọ̀n kò ní mọ ohun tí wọ́n ń tà, ó sì dá mi lójú pé wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é bẹ́ẹ̀ ni. Ohun tí kò yé bàbá ni ọmọ fi ń mọ̀ pé tòun ni. Fún ìgbà kan ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, Sega ta ju Nintendo lọ ní Amẹ́ríkà.

Ẹ jẹ́ kí n dá ọ̀rọ̀ kan sọ kí n tó kọjá. Ọmọkùnrin ni ẹni tí gbogbo ìpolówó yìí ń bá sọ̀rọ̀. Àwọn ọmọbìnrin ń gbá géèmù nílé kan náà, pẹ̀lú páàdì kan náà, àwọn ilé-iṣẹ́ sì ṣe bí ẹni tí kò rí wọn. Àṣìṣe ńlá ni, ó dùn mí, àwọn ọmọbìnrin sì ń san gbèsè rẹ̀ títí di òní nínú bí àwọn ọkùnrin ṣe ń bá wọn sọ̀rọ̀ bí wọ́n bá gbá géèmù lórí íntánẹ́ẹ̀tì.

4. Ẹ̀jẹ̀ àti òógùn

Bí ẹnikẹ́ni bá ṣì ń ṣiyèméjì pé ọjọ́ orí ni wọ́n ń tà, kí ó wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ 13 oṣù Kẹsàn-án 1993. Ọjọ́ yẹn ni géèmù ìjà tó ń jẹ́ Mortal Kombat jáde fún ẹ̀rọ ilé. Nintendo ní kí wọ́n sọ ẹ̀jẹ̀ inú rẹ̀ di òógùn. Sega fi ẹ̀jẹ̀ náà pamọ́ sẹ́yìn àwọn bọ́tìnnì kan tí ẹni tó bá mọ̀ ọ́n yóò tẹ̀ léra wọn, àwọn ọmọ sì ń fi ètè sọ ọ́ fún ara wọn ní ilé-ìwé. Géèmù kan náà ni, ìjà kan náà ni. Ti Sega tà ju ti Nintendo lọ. Nígbà tí apá kejì jáde lọ́dún tó tẹ̀ lé e, Nintendo gba ẹ̀jẹ̀ láyè.

Ẹ má ṣe rò pé ẹ̀jẹ̀ fúnra rẹ̀ ni àwọn ọmọ ń wá. Àmì ni. Òógùn ń sọ pé wọ́n ṣì ń ṣọ́ ọ bí ọmọdé. Ẹ̀jẹ̀ ń sọ pé o ti kúrò níbẹ̀.

Ní ọjọ́ 9 oṣù Kejìlá ọdún yẹn, Sẹ́nétọ̀ Joseph Lieberman àti Sẹ́nétọ̀ Herb Kohl pe àwọn ilé-iṣẹ́ wá sọ tẹnu wọn ní Washington. Ìbẹ̀rù pé ìjọba yóò ṣòfin ló mú kí àwọn ilé-iṣẹ́ dá ìgbìmọ̀ tiwọn sílẹ̀ ní 1994, ESRB, tó ń fi lẹ́tà sára páálí: T fún ẹni ọdún 13 sókè, M fún ẹni ọdún 17 sókè. Ohun tó dára ni, mo sì rọ gbogbo òbí kí wọ́n máa ka lẹ́tà náà. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí wọ́n fi ṣe. Ní oṣù Kẹsàn-án 2000, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń ṣọ́ ọ̀rọ̀ ìṣòwò, FTC, gbé ìwádìí kan jáde. Nínú géèmù 118 tó ní lẹ́tà M nítorí ìwà ipá, tí wọ́n yẹ̀ wò, 83 ni wọ́n polówó fún àwọn tí kò tíì pé ọdún 17. Lẹ́tà tí wọ́n kọ láti dá ọmọ dúró ti di ohun tó ń júwe ibi tí ọmọ ń fẹ́ lọ. Ẹni tó ń ta ọjọ́ orí kò lè rí ìrànlọ́wọ́ tó ju kí ìgbìmọ̀ kan bá a kọ ọjọ́ orí náà sára ọjà.

5. Sony, àti ewu tó wà nínú òwò yìí

Òwò yìí ní ewu tirẹ̀ fún ẹni tó ń ṣe é. Ẹni tí o ta ọdún 19 fún yóò pé ọdún 19. Níbo ni yóò wá lọ?

Sony ni ìdáhùn àwọn ọmọ Sega. PlayStation, iṣẹ́ ọwọ́ Ken Kutaragi, jáde ní Japan ní oṣù Kejìlá 1994, ó sì dé Amẹ́ríkà ní oṣù Kẹsàn-án 1995 ní 299 dọ́là, nígbà tí ẹ̀rọ Saturn tí Sega ṣe jẹ́ 399. Owó kó ipa ńlá, n kò jiyàn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo London. Yàrá PlayStation kan wà nígbà náà nínú Ministry of Sound, ilé ijó òru tí ọmọ ọdún 14 kò lè wọ̀. Géèmù eré ìdíje WipEout gbé orin Leftfield, Orbital àti Chemical Brothers jáde, orin tí wọ́n ń jó sí nínú irú ilé bẹ́ẹ̀. Sony kọjú sí ẹni ọdún 20 ó lé, ọ̀dọ́langba sì ń wò láti ẹ̀yìn. Kò bá ọ̀dọ́langba sọ̀rọ̀ tààrà, ìdí sì nìyẹn tí ọ̀dọ́langba fi gbọ́ ọ. PlayStation ló kọ́kọ́ kọjá 100 mílíọ̀nù nínú àwọn ẹ̀rọ inú ilé. Ní oṣù Kìíní 2001, Sega kéde pé òun kò ní ṣe ẹ̀rọ mọ́.

Ẹnì kan lè bi mí pé: Wii ti Nintendo ńkọ́, tó jáde ní 2006, tí ìyá àgbà àti ọmọ ọmọ jọ ń fi gbá bọ́ọ̀lù tẹníìsì nínú pálọ̀, tó sì tà ju 100 mílíọ̀nù lọ? Ẹ̀rí ńlá ni, n kò sì ní fi ọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn. Ó fi hàn pé ọ̀nà mìíràn wà láti di olówó. Ohun tí mò ń wí ni ohun tí a ń tà fún ọ̀dọ́langba, Wii kò sì wá ọ̀dọ́langba lọ. Gbogbo ilé ló wá.

6. Nígbà tí ẹgbẹ́ wọ inú ẹ̀rọ

Ní oṣù Kọkànlá 2002, Microsoft ṣí Xbox Live, ibi tí àwọn tó ní Xbox, ẹ̀rọ géèmù rẹ̀, ti ń bá ara wọn gbá géèmù lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ó sì fi ohun èlò àgbékọ́rí tí a ń fi sọ̀rọ̀ sínú páálí àwọn tó bá forúkọ sílẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn, ilé-iṣẹ́ kò nílò kí ìpolówó fi ẹni ọdún 19 han ọmọ mọ́. Ohùn ẹni náà ń dún létí rẹ̀. Ní 2005 Xbox 360 fi máàkì sára orúkọ oníkálukú, kí gbogbo ènìyàn lè rí ohun tó ti ṣe. Ní 2008 Sony mú àmì ẹ̀yẹ tirẹ̀ wá. Àwa tí a mọ ohun tí ẹgbẹ́ jẹ́ nílẹ̀ Yorùbá, tí a mọ̀ pé aṣọ ẹgbẹ́ ni wọ́n fi ń mọ ẹni tó wà nínú rẹ̀, kò yẹ kí èyí yà wá lẹ́nu.

Ohun tó bí mi nínú nìyí: fún ọ̀pọ̀ ọdún, ọmọ tó ní Xbox kò lè bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ní PlayStation gbá géèmù pọ̀, àfi nínú géèmù díẹ̀. Nígbà náà, ẹ̀rọ tí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ bá rà ni ìwọ náà gbọ́dọ̀ rà. Nígbà tí Fortnite di ohun tí gbogbo ọmọ ń gbá, ariwo pọ̀, ó sì di oṣù Kẹsàn-án 2018 kí Sony tó ṣí ilẹ̀kùn. Fortnite fúnra rẹ̀, ọ̀fẹ́ ni. Aṣọ àti ijó inú rẹ̀ ni wọ́n ń tà. Ní oṣù Kejìlá 2022, Epic Games tó ṣe é gbà láti san 520 mílíọ̀nù dọ́là lórí ẹ̀sùn FTC. Lára ẹ̀sùn náà ni pé wọ́n ṣí ìbánisọ̀rọ̀ sílẹ̀ láàárín àwọn ọmọdé, ọ̀dọ́langba àti àjèjì láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni béèrè fún un, àti pé ọ̀nà tí wọ́n to bọ́tìnnì ń mú kí ènìyàn ra ohun tí kò pinnu láti rà. Ẹni tí wọ́n bá ti sọ fún pé ó ti dàgbà, tó sì wà láàárín àwọn tó dàgbà jù ú lọ, ìtìjú ni fún un láti wọ aṣọ ọ̀fẹ́.

7. Ní àdúgbò tiwa

Ibi tí mo fẹ́ parí sí nìyí, nítorí pé òun ló dá mi lójú jù. Ìpolówó Sega tó ń pariwo lórí MTV kò dé ọ̀pọ̀ àdúgbò wa. PlayStation tí a mọ̀, tokunbo ni púpọ̀ nínú wọn, láti Alaba tàbí Ìkẹjà, pẹ̀lú àwo tí wọ́n dà kọ. Síbẹ̀, ṣọ́ọ̀bù géèmù kún. Kí ló fa àwọn ọmọ wa lọ síbẹ̀?

Ẹ wọ ọ̀kan nínú wọn kí ẹ wò ó. Jẹnẹrétọ̀ ń pariwo níta, tẹlifíṣọ̀n mẹ́ta tàbí mẹ́rin wà nínú, bọ́ọ̀lù sì ni wọ́n ń gbá, oníkálukú ń sanwó fún ìdíje kọ̀ọ̀kan. Àwọn tó ti pé ogún ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ jókòó síwájú. Àwọn ọmọ ọdún 13 àti 14 dúró lẹ́yìn wọn, wọ́n ń wò. Òfin ibẹ̀ ni pé ẹni tó bá borí ń jókòó, ẹni tí wọ́n bá nà ń dìde. Ọmọ ọdún 14 tó bá na ẹni ọdún 22 nínú bọ́ọ̀lù yìí, orí àga àgbà ló jókòó sí lójú gbogbo ènìyàn, kò sì sí ìlú, ilé-ìwé tàbí ìjọ tó ń fún un ní irú àga bẹ́ẹ̀ ní wákàtí kan. Ohun tí Sega àti Sony ná òbítíbitì owó láti yà sínú ìpolówó wà níbẹ̀ ní ojúkorojú, láìsí ìpolówó kankan. Bí a bá ti ṣọ́ọ̀bù náà pa, òǹgbẹ tó gbé ọmọ débẹ̀ kò tíì kú, ilé-iṣẹ́ mìíràn yóò sì wá tà fún un lórí fóònù.

Kí gbọ̀ngàn yìí lè fún wọn ní irú àga bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe bẹ alága ìjókòó yìí kí ó jẹ́ kí àwọn ọ̀dọ́ tó wà ní ìlà ẹ̀yìn kọ́kọ́ bèèrè ìbéèrè tiwọn, kí àwa àgbà tó sọ̀rọ̀.